Apá Òsì ni Gbogbo Rẹ̀ Gbà Wọlé

Bí o bá ti gba ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà láàárín Ìkẹjà àti Agége kọjá ní àárọ̀ kùtù rí, ìwọ náà á mọ òórùn tí mò ń sọ. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ló múlé ti tiwa, àwa sì ń ṣe kẹ́ẹ̀gì àti garawa oníke. Òórùn mílíìkì àti ṣúgà á máa bọ̀ láti ọ̀dọ̀ tiwọn, òórùn ike tó ń yọ́ á máa lọ láti ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn méjèèjì á wá pàdé lórí ògiri tó pààlà wa. Ebi á máa pa ọ́, èébì á sì máa gbé ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́fà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, mo ṣì wà ní sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n títí dòní, tí òórùn méjèèjì yẹn bá ti fẹ́ sí mi nímú ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí ohun tó fà á.

Ilé-iṣẹ́ wa ní ẹgbẹ́ họ́kì. Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu, torí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo èèyàn mọ̀ ní àdúgbò yẹn. Ọ̀gá wa kan tó ti fẹ̀yìn tì ló dá a sílẹ̀. Ó gbá họ́kì nílé-ìwé, kò sì gbàgbé. Ó bẹ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mẹ́rin mìíràn, àwọn náà dá tiwọn, ni a bá ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé ní pápá ilé-ìwé kan l'Ágége. Ilẹ̀ pupa ni pápá náà, a máa ń wọ́n omi sí i kí eruku má baà bò wá. Igi tí wọ́n fi ń gbá a tẹ̀ lẹ́nu, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ju ọsàn lọ, ó sì le bí òkúta. Tó bá ba èèyàn lójúgun, ìró rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ àwa tí a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, gbogbo wa á sì fọwọ́ kan ojúgun tiwa.

Èmi ò gbá a rí. Orúnkún mi kò gbà, ẹ̀rù bọ́ọ̀lù yẹn sì ń bà mí. Ṣùgbọ́n kò sí olólùfẹ́ tó jù mí lọ. Mi ò pa Sátidé kan jẹ, àfi ọjọ́ tí a sin ìyá mi. Ìwé ńlá kan wà lọ́wọ́ mi tí mo máa ń kọ gbogbo eré sí: ẹni tó gbá a dáadáa, ẹni tó ṣe ségesège, ibi tí góòlù gbà, ẹni tó sùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, màá yọ èyí tó dùn jù nínú rẹ̀, màá dà á kọ sórí bébà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ̀ka wọṣẹ́. Ìlà máa ń gùn níbẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn tí èèyàn lè kà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Akọ̀wé.

Má rò pé ìkà ni mí. Àṣà wa níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tí Akọ̀wé bá bú lọ́jọ́ Ajé, òun ni ọba títí di ọjọ́ Ẹtì. Mo kọ nípa agbá-iwájú wa kan pé ó ń sáré bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná, pé ohun tó bani nínú jẹ́ níbẹ̀ ni pé kò sí nǹkan nínú ìkòkò náà. Ọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló ya bébà náà ní fọ́tò, ó gbé e sórí Wásáàpù. Ẹni tí mi ò bá bú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á wá bá mi ní sítọ́ọ̀, á ní kí lòun ṣe fún mi. Bí a ṣe ń fẹ́ràn ara wa nìyẹn.

Aṣọ́lé wa, ẹgbẹ́ mi ni, oṣù kan náà la wọṣẹ́. Gólì ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó máa ń ní gàrí ló ń ṣàn lára èmi ọmọ Ìjẹ̀bú dípò ẹ̀jẹ̀, èmi náà a sì máa wí tèmi. Lẹ́nu iṣẹ́, òun ló ń wa fọ́ọ̀kì, ọkọ̀ kékeré tó ní ìka irin méjì níwájú tí a fi ń gbé ẹrù ga. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lórí ọkọ̀ yẹn débi pé ó lè ki ẹrù kẹ́ẹ̀gì sáàárín òkìtì méjì, kí àyè àtẹ́lẹwọ́ nìkan ṣẹ́kù lọ́tùn-ún àti lósì. Bó ṣe ń ṣe lórí fọ́ọ̀kì náà ló ń ṣe láàárín igi ilé. Á wọ ìbòsẹ̀ ńlá rẹ̀, á dé akoto, á sọ Bìsìmílà, kò sì sí ohun tó ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọ ọ́ sínú bébà pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú Gólì la fi ń ṣọ́lé.

Góòlù tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ló gbá a wọlé. Apá òsì Gólì ló gbà, kò yára, kò sì fò. Mo kọ ọ́ pé, "Gólì tòògbé díẹ̀ lápá òsì, ẹ jẹ́ ká fojú fò ó." Oṣù méjì lẹ́yìn náà, òmíràn gba ibẹ̀. Nígbà tí sáà yẹn fi parí, tí a sì bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Sátidé tí nǹkan kan kì í wọlé, apá òsì náà sì ni. Àwọn kan ní igi ilé ló wọ́. Mo bá wọn jiyàn nínú bébà: mo ní nígbà tí wọ́n yí ilé padà lẹ́yìn ìsinmi, apá òsì rẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù tún gbà, nítorí náà kì í ṣe igi, èèyàn ni. Mo fa ìlà pupa sábẹ́ ibẹ̀. Mo ní ọ̀lẹ ti wọ Gólì lápá kan. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi lọ́jọ́ náà, mo sì jẹun dáadáa.

Kóòṣì wa, bàbá kan tí wọ́n jẹ́ olórí àwọn sẹ́kúrítì, gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Wọ́n fi ẹnì kan kún ẹ̀yìn lápá òsì, wọ́n sì pe Gólì sí ẹ̀gbẹ́ pápá. "Fojú sí òsì rẹ," ni wọ́n wí. Gólì dáhùn pé, "Ojú mi wà níbẹ̀, sà."

Èyí tó ń dùn mí jù nínú rẹ̀ ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní àkókò kan náà, kẹ́ẹ̀gì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ní sítọ́ọ̀. Fọ́ọ̀kì Gólì á ha ẹrù tó wà lápá òsì, á ha férémù ilẹ̀kùn lápá òsì, èmi tí mo ń tọ́jú sítọ́ọ̀ á sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ohun tó bàjẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti bàjẹ́. Mo kọ kẹ́ẹ̀gì sínú ìwé kan, mo kọ góòlù sínú ìkejì. Orí tábìlì kan náà ni ìwé méjèèjì wà, ìgbọ̀nwọ́ mi kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sọ sí mi lọ́kàn láti kà wọ́n pọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo mọ òwe náà, mo tiẹ̀ ti lò ó nínú bébà mi rí.

Ọjọ́ Ajé kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ bébà tán, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú góòlù mẹ́sàn-án tó wọlé wa ní sáà yìí, méje gba apá òsì. Ìlà ti gùn dé ẹnu géètì. Gólì tẹ̀ka tán, ó dúró síwájú pátákó, ó sún mọ́ ọn gan-an, ó sì ń yí orí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kà á, bí adìyẹ tó ń wo ọkà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Akọ̀wé, ṣé ó dá ẹ lójú pé òsì ni gbogbo ẹ̀ gbà?"

"Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe kọ ọ́."

"Mi ò rí wọn," ló wí.

Mo ní, "Àìrí wọn yẹn gan-an ni mo kọ."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wo ojú mi bí ẹni tó ń dúró de ìdáhùn mìíràn. Nígbà tí kò gbọ́ òmíràn, ó lọ síbi fọ́ọ̀kì rẹ̀. Mo ti ro ìwò yẹn láìmọye ìgbà. Kò bá mi jà, kò sì ṣe àwíjàre. Ìbéèrè ló wá bi mí, torí èmi ni mò ń jókòó síbi tí èèyàn ti ń rí pápá látòkèdélẹ̀, mo sì fi ẹ̀rín lé e lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń ṣe bátìrì ni a bá gbá. Eré ti ń lọ sópin, ọ̀mì ni a wà. Ẹnì kan nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù kan láti ẹ̀gbẹ́, kò tiẹ̀ ba igi rẹ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀lù náà ń yí bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ pupa, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Gólì dúró gírí láàárín ilé, ó kọjú síwájú, ó na ọwọ́ sílẹ̀ de bọ́ọ̀lù, akoto rẹ̀ kò yí. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì, ó wọlé, ó dúró sínú nẹ́ẹ̀tì. Gólì ṣì ń wo iwájú. Ó wá bi ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wa lábẹ́ igi: "Bọ́ọ̀lù dà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ṣì ń lá àlá rẹ̀. Kò sí ariwo nínú àlá náà, kò sí èrò, àfi pápá pupa, bọ́ọ̀lù funfun tó ti dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ọkùnrin kan, àti ọkùnrin náà tó ń dúró dè é kó dé. Nínú àlá, mo máa ń fẹ́ pè é, orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo máa ń fẹ́ pè, kì í ṣe Gólì, ṣùgbọ́n mi ò ní ohùn. Ìyàwó mi ní mo máa ń mí gúlegúle lójú oorun.

Wọ́n ní bébà ọjọ́ Ajé yẹn ló dùn jù nínú gbogbo èyí tí mo kọ rí. Mo ní iwájú wa mú, àárín wa ò burú, ẹ̀yìn wa ń gbìyànjú. Mo wá fi ìlà kan parí rẹ̀: "Ẹ bá wa yá Gólì ní ojú kan ládùúgbò, torí èyí tó wà lápá òsì ti kú, a ò kàn tíì sin ín ni." Kó tó di ọ̀sán, àwọn tó ń kó ẹrù ti sọ ọ́ dorin. Bí fọ́ọ̀kì bá ti yọ, wọ́n á ní, "Ẹ yá a lójú, ẹ yá a lójú." Gólì á gbé ọwọ́ sókè kí wọn, á máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni fọ́ọ̀kì kọlu òkìtì kẹ́ẹ̀gì lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọrin yẹn wà níbẹ̀ lápá òsì. Bí kò bá fò sẹ́yìn ni, irin ì bá gún un. Gólì pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń wá ohun tó kọlù. Kẹ́ẹ̀gì ń yí káàkiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń wá a níwájú. Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wa. Nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ mú un jókòó, ó na ìka sí i láti ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ní kó má yíjú, kó sọ iye tó rí.

"Ẹ ò tíì na nǹkan kan," ni Gólì wí.

Ìka mẹ́ta ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ní ọsibítù, wọ́n ní àìsàn kan tí kì í dun èèyàn ni, kì í sì í pọ́n ojú. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti máa ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ni ojú kò ní mọ̀. Ojú òsì ti lọ, ti ọ̀tún sì ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ti lọ kì í padà. Ká ní wọ́n tètè rí i ni, oògùn tí wọ́n ń kán sójú lásán ì bá dá a dúró.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Dopemu, wá bá mi ní géètì. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Kò bú mi. "Bọ̀dá Akọ̀wé, dókítà ń bi í pé láti ìgbà wo," ló wí. "Ó lóun ò mọ̀. Ó ní ẹ̀yin lẹ máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wá kà á fóun."

Mo gbé ìwé náà lọ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun alásárì. Yàrá kan ni, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé, aṣọ tí wọ́n ti gé wà lórí àga, òórùn epo ẹ̀rọ sì gba gbogbo ibẹ̀. Gólì jókòó sórí ẹní, ó kọ ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀tún sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí góòlù àwọn ọlọ́dà. Bí mo bá ti ka ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ á kọ ọ́ sórí bébà tí wọ́n máa mú lọ fún dókítà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ti lé ní ọdún kan. Obìnrin náà gbórí sókè, ó ní, "Láti ìgbà yẹn?" Mo ka ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Gólì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ti ìkòkò orí iná. Ó ní òun rò pé àwọn èèyàn ló ń gbọ́n sí i ni, pé bọ́ọ̀lù ló túbọ̀ ń yára. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti sọ pé ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lápá kan, ìyàwó rẹ̀ gbé bírò sílẹ̀. "Torí ìyẹn ló ṣe ń ní kí n máa ju bọ́ọ̀lù sóun lápá òsì nínú ọgbà," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Lójoojúmọ́, tí mo bá ti ránṣọ tán. Ó ní Akọ̀wé ní ọ̀lẹ ni òsì òun ń ṣe." Wọ́n ní ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Mi ò mọ̀ pé òkò tèmi ti wọ ilé yẹn tipẹ́. Ọkùnrin náà ì bá ti máa lọ sí ọsibítù ní gbogbo àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, dípò bẹ́ẹ̀ ó ń dúró nínú ọgbà, ó ń gbìyànjú láti wo ọ̀lẹ tí mo fún un sàn.

Mo kà á lọ títí mo fi dé orí eré àwọn oníbátìrì. Mo ní iwájú wa mú, àárín wa ò burú, ẹ̀yìn wa ń gbìyànjú. Mo pa ìwé dé.

"O fo ibì kan," ni Gólì wí.

Mo ní, "Ibi wo?"

"Akọ̀wé, o fo ibì kan. Kà á."

Ó ti mọ̀ ọ́n lórí. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ti kọ ọ́ sí i létí. Mo ṣí ìwé náà padà, mo kà á, ohùn mi kò sì dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Mo ń retí kí Gólì lé mi jáde, àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ojú sì ń tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ìwé náà sí. Gólì mi orí díẹ̀.

"Kọ ìyẹn náà," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Òun ló sún mọ́ òótọ́ jù."

Obìnrin náà sì kọ ọ́. Mo wò ó bó ṣe ń kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, láti orí ojú tí a ó yá títí dórí òkú tí a ò tíì sin.

Gólì ṣì ń bá wa ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń de ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n láìwò ó. Ó ní ohun tó kù fún òun lójú ọ̀tún dà bí kí èèyàn máa yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́. Ó ṣì ń bú mi ní onígàrí. Kò wá sí pápá mọ́, mi ò sì ní ẹnu tí mo lè fi pè é. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi níwájú pátákó kò le, kò lówe nínú: ó ní òun ò rí wọn. Nínú gbogbo ayé, èmi nìkan ni mo ní gbogbo wọn nínú ìwé, èmi náà ló sì bi.

Ní Sátidé tó kọjá yìí, góòlù mẹ́ta wọlé wa. Tí o bá bi mí, iwájú wa ti gbó, àárín wa ń ṣe bí àlejò, aṣọ́lé tuntun wa, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, kì í fò. Mo ṣì ń kọ ọ́ sínú ìwé, mi ò kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó mọ́ ni. Wọ́n ti bẹ̀ mí títí, mo ní ọwọ́ ń dùn mí. Góòlù kejì gba apá ọ̀tún rẹ̀, gbogbo abẹ́ igi sì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà ìsinmi, mo dìde, mo wọ́ orúnkún mi yìí wọ pápá, mo dúró síwájú rẹ̀. Mo na ìka sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì, mo ní kó má yíjú, kó sọ iye tó rí. Ó rò pé mo ti mutí.

"Méjì lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì," ló wí. "Akọ̀wé, kí ló dé?"

Mo ní kò sí nǹkan, mo kàn fẹ́ mọ̀ dájú kí n tó rẹ́rìn-ín ni. Mo padà sábẹ́ igi máńgòrò, mo ṣí ìwé mi, mo sì ń dúró de ẹ̀rín náà títí wọ́n fi fọn fèrè ìparí.